Ẹ Má Fi Owó Ìtanràn Lé Àwọn Ọmọ Wa Kúrò Nídìí Ìkòkò Ọtí Ọkà

Ẹ̀yin ará wa ní Jos, ní Bukuru, ní Barkin Ladi àti gbogbo ibi tí ọmọ Yorùbá bá tẹ̀dó sí ní Plateau,  àwa tí a ń kọ èyí ni àwa tí a ń ta ọkà àti ẹ̀wà lọ́jà. A kì í sábà kọ nǹkan gígùn síbí, ẹ mọ̀ wá. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn láàárín wa láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí a bá sì dákẹ́, wọ́n á ní a fọwọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Àwọn ọ̀dọ́ kan láàárín wa, lọ́kùnrin lóbìnrin, ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí ọkà àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ nílé. Wọn ò tà á. Ìkòkò kan, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, lópin ọ̀sẹ̀, kí wọ́n ṣáà lè mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí ẹlòmíì ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù, tí ẹlòmíì ń sin ẹyẹlé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí fi ń najú. Nígbà tí ìròyìn náà dé ìpàdé, àwọn kan fò dìde, wọ́n ní ìtìjú ńlá ni. Wọ́n dábàá pé kí ẹgbẹ́ ṣòfin: ilé tí wọ́n bá ti bá ìkòkò ọtí, kí bàbá ilé san owó ìtanràn, kí wọ́n sì yọ orúkọ ọmọ náà kúrò láàárín àwọn ọ̀dọ́. Ìpàdé tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ dìbò lé e lórí.

Àwa ò fara mọ́ ọn o. A bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà tó mú àbá yẹn wá, a sì mọ̀ pé ire ni wọ́n ń rò. Ṣùgbọ́n a ti gbọ́ gbogbo ẹ̀sùn tí wọ́n kà sílẹ̀, a ti wò ó síwá sẹ́yìn, a rí i pé ẹ̀sùn mẹ́rin ni. Ẹ jẹ́ ká mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀sùn kìíní: wọ́n ní iṣẹ́ ìyá oníbùrùkùtù ni, kò yẹ ọmọ Yorùbá tó lọ sílé ìwé.

Ẹ jọ̀ọ́, ta là ń bú? Àwọn ìyá oníbùrùkùtù wọ̀nyí, Birom ni, Ngas ni, Tarok ni, onílẹ̀ ni wọ́n. Ilẹ̀ wọn là ń gbé láti ayé iṣẹ́ kùsà, láti ìgbà tí àwọn bàbá wa ti bá rélùwéè dé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ìkòkò ọtí yẹn ni wọ́n fi rán ọmọ dé yunifásítì. Àwa la sì ń ta dáwà fún wọn. Láàárọ̀, a óò wọn múdù fún wọn, a óò gba owó, a óò ní ẹ ṣeun, ẹ tún padà wá. Lálẹ́, a óò dé ìpàdé, a óò ní iṣẹ́ ọwọ́ wọn ń ti ni lójú. Owó wọn kò ti ni lójú, iṣẹ́ wọn ló ń ti ni lójú. Ẹ rò ó dáadáa. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gbọ́ Yorùbá tó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nípàdé yẹn, ojú wo la óò fi wò ó lọ́jọ́ kejì? Àlejò tó ń bú ọbẹ̀ onílé, ibo ló fẹ́ sùn?

Ẹ tún wo ìgò tó wà lórí tábìlì wa. Ní ọdún 1988, ìjọba ológun ìgbà yẹn fòfin de kíkó ọkà báálì híhù wọ Nàìjíríà láti òkè òkun. Àwọn ilé iṣẹ́ ọtí kò fẹ́ kógbá sílé, wọ́n yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Àwọn tó ti wà lẹ́nu òwò ọkà nígbà yẹn máa rántí bí nǹkan ṣe yí padà. Òfin yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́, síbẹ̀ ọkà bàbà kò kúrò nídìí bíà Nàìjíríà títí di òní. Nítorí náà, alàgbà wa tó gbé ìgò dání, tó ń yínmú sí igbá bùrùkùtù, ọmọ ìyá kan náà ló ń yínmú sí. Ọ̀kan wọ kóòtù, ọ̀kan kò wọ̀ ọ́, ìyẹn náà ni. Adìẹ ń jẹkà, ó ń mumi, ó ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì, ó ní òun kò léyín.

Ẹ̀sùn kejì: wọ́n ní kì í ṣe àṣà wa, àwọn ọmọ ń kó àṣà àjèjì wọlé.

Èyí ló dùn wá jù. Ṣé ọmọ Yorùbá ló ń sọ pé ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kì í ṣe àṣà òun? Ọdún 1946 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Nigerian Breweries sílẹ̀, oṣù kẹfà ọdún 1949 ni Star àkọ́kọ́ jáde ní Èkó. Kí ni wọ́n fi ń ṣe ìyàwó ṣáájú ìgbà yẹn? Kí ni wọ́n ń gbé sílẹ̀ fún àwọn tó wá bá wọn ro oko ọ̀wẹ̀? Ẹmu wà, ògùrọ̀ wà, àgàdàgídí tí wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe wà. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí wọ́n fi àgbàdo pọn wà, ọtí ọkà bàbà wà. Ìyá àgbà ló máa ń pọn ọ́n. Àgbàdo ni wọ́n máa rẹ, wọ́n máa jẹ́ kó hù, wọ́n máa sá a, wọ́n máa lọ̀ ọ́, wọ́n máa sè é, wọ́n máa sẹ́ ẹ. Ohun kan náà tí ìyá Birom ń fi dáwà ṣe ni.

Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ yìí kò sì mọ sí ilẹ̀ wa nìkan. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà kò gbé ìkòkò dání, kò sí ẹni tó jẹ́ kí wọ́n di ẹrù, àmọ́ wọ́n gbé orúkọ náà lọ. Títí di òní, ohun mímu kan wà tí àwọn olórìṣà ibẹ̀ ń fi àgbàdo ṣe, chequeté ni wọ́n ń pè é. Ẹ pè é sókè kí ẹ gbọ́ ọ. Ẹni tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè nínú ọkọ̀ ojú omi kò gbàgbé. Àwa tí a fi ẹsẹ̀ ara wa wọ mọ́tò wá sí Jos, tí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kò ju ìrìn àjò ọjọ́ kan lọ sí wa, àwa la fẹ́ ṣòfin kí ọmọ wa gbàgbé.

Ká sọ òótọ́ fún ara wa. Gbogbo ìpàdé là ń ráhùn pé àwọn ọmọ ò gbọ́ Yorùbá mọ́. Hausa ni wọ́n ń sọ níta, Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé, wọ́n á kan fi “ẹ káàárọ̀ mà” bo àṣírí. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nídìí ìkòkò yìí. Ọmọbìnrin kan láàárín àwọn tí wọ́n ń bínú sí yìí ń pe ìyá ìyá rẹ̀ nílé lórí fóònù ní alaalẹ́, ó ń béèrè ohun tí wọ́n ń pè ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní èérí, bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ọkà ti hù tó, ìgbà tí wọ́n ń sọ pé ọtí ti kan. Ìwé èdè Yorùbá wo la rà fún un rí tó ṣe iṣẹ́ yẹn? Ìyá àgbà yẹn náà kò ní wà títí láé. Lọ́jọ́ tí ó bá lọ, tí ọmọ kò bá tíì béèrè, ó parí nìyẹn.

Ẹ̀sùn kẹta: wọ́n ní ẹ̀sìn kò fàyè gbà á.

Níbí yìí, a óò rọra sọ̀rọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Àwọn Mùsùlùmí wà láàárín wa, àwọn Kristẹni tí ìjọ wọn kò gba ọtí wà láàárín wa. Ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ bá ní kó má mu ún, kó má pọn ọ́n, kó má tilẹ̀ wò ó. A fara mọ́ ìyẹn tọkàntọkàn. Òbí Mùsùlùmí tó bá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé nínú ilé òun, kò sí ọtí, òbí yẹn lẹ́tọ̀ọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú wa bá a jiyàn. Kò nílò òfin ẹgbẹ́ láti fi ṣàkóso ilé ara rẹ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó mú àbá yìí wá. Mélòó ni Mùsùlùmí nínú wọn? Wọn ò pọ̀. Àwọn alfa wa dákẹ́ jẹ́ẹ́ nípàdé, nítorí wọ́n mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń rùn. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ló ń fi owó ẹgbẹ́ ra bíà páálí-páálí fún òkú àgbà, fún ìsọmọlórúkọ, fún àjọ̀dún ọdọọdún. Ó wà nínú ìwé ìṣirò owó, akápò ń kà á sókè lójú gbogbo wa. Bí ọtí bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, inú ìgò ló ti kọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kó tó wá dé inú ìkòkò. Ẹ má fi orúkọ Ọlọ́run bo ìgbéraga mọ́lẹ̀. Bí a bá fẹ́ fòfin de ọtí nínú ẹgbẹ́, ó yá, ẹ jẹ́ ká fòfin de gbogbo rẹ̀, tìgò tìkòkò, àwa náà á dìbò sí i. Àmọ́ kí a má gbé páálí wọlé láti ẹnu ọ̀nà iwájú, kí a wá máa lé ìkòkò jáde láti ẹ̀yìnkùlé.

Ẹnì kan mú ọ̀rọ̀ Ọbàtálá wá, pé ọtí ló ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Òótọ́ ni pé wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹmu ló mu, ó sì mu ún ní àmuyó lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí èèyàn má mutí yó, pàápàá bí iṣẹ́ ńlá bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn ò sọ fún wa níbẹ̀ pé wọ́n gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó dá ẹmu.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kò rò. Ìmọ̀ ọkà híhù yìí kò mọ sórí ọtí. Kùnú zàkí tí àwọn ará Àríwá ń mu, tí Mùsùlùmí ń fi ṣínu nínú Ramadan, ọkà híhù tàbí ọ̀dùnkún ni wọ́n ń pò mọ́ ọn tí ó fi ń dùn láìsí ṣúgà púpọ̀. Ọmọ tó bá mọ bí ọkà ṣe ń hù, tó mọ ìdí tí ó fi ń dùn, ó lè ṣe kùnú, kò sì ní fọwọ́ kan ọtí rárá. Bí ẹ bá ti ìkòkò pa, ẹ ti èyí náà pa nìyẹn.

Ẹ̀sùn kẹrin: wọ́n ní ọtí ìbílẹ̀ ń pani.

Ẹ̀sùn yìí nìkan ni ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwa ò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Gbogbo wa la rántí ọdún 2015. Ní Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Orí fífọ́, ojú tó ń fọ́, lẹ́yìn náà ikú. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, mẹ́tánọ́ọ̀lù inú ògógóró ni. Ó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers náà lọ́dún yẹn, títí ìjọba àpapọ̀ fi kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta ògógóró. Èèyàn púpọ̀ ló bá a lọ. A kì í fi irú ìyẹn ṣeré.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká pààlà sáàárín ọ̀nà méjì. Ògógóró, wọ́n ń gbé e ka iná ni, wọ́n ń gba òógùn rẹ̀ sínú ìgò, ohun tó wà nínú rẹ̀ á sì le gan-an. Ibẹ̀ ni ọwọ́ àìmọ̀kan ti lè kó májèlé jọ, ibẹ̀ sì ni àwọn aláìláàánú ti ń da kẹ́míkà sí i kó lè tètè pọ̀. Ọtí ọkà kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn ò gba òógùn rẹ̀. Ọkà, omi àti ìwúkàrà ni, kò sì le tó ògógóró rárá. Nítorí náà, àwa fúnra wa ń sọ ọ́ gbangba: ọmọ tí ó bá gbé ògógóró ka iná nínú ilé, ẹ mú un, ẹ bá a wí, àwa náà á bá yín bá a wí. Àmọ́ ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ ògógóró gba owó lọ́wọ́ oníṣẹ̀kẹ̀tẹ́.

Ọtí ọkà náà ní ewu tirẹ̀ o. Àwa tí a ń ta ọkà mọ̀ ọ́n ju àwọn tó ń pariwo lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀kọ́ fi dára ju owó ìtanràn lọ. Ọmọ tí ẹ bá fòfin dẹ́rù bà yóò lọ ṣe é ní kọ̀rọ̀, kò sì sí àgbà tó máa sọ nǹkan wọ̀nyí fún un. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ dákẹ́ ariwo, ẹ fetí sílẹ̀.

Ẹ má fi ọkà gbíngbìn pọn ọtí láé. Ọkà tí wọ́n tà fún oko, wọ́n ti fi oògùn kòkòrò pa á lára, òmíràn tilẹ̀ ní àwọ̀ pupa tàbí àwọ̀ ewé. Ojú oko ni ìyẹn ń lọ, kì í ṣe ẹnu. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín bóyá ó ti fi oògùn sí i nínú àká. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ kọjá síwájú. Ọkà tó bu, tó ń rùn bí ilé tí omi wọ̀, ẹ dà á nù. Sísè kò ní mú májèlé inú ọkà bíbu kúrò.

Ẹ fi múdù kan tàbí méjì bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má ra àpò. Ẹ ṣa òkúta rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ẹ sórí àpò tó mọ́ tó sì tutù, ẹ bò ó, ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ sì máa yí i kó má bàa bu. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, á ti yọ gbòǹgbò. Nígbà ọyẹ́ ní Jos níbí, ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má kánjú. Ẹ wá sá a sóòrùn títí á fi gbẹ táútáú.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bó bá ti gbẹ, ẹ fi ọwọ́ ra á, kí ẹ fẹ́ gbòǹgbò àti ọ̀mùnú rẹ̀ dànù. Májèlé wà nínú ọ̀mùnú ọkà bàbà, irú kan náà pẹ̀lú èyí tó wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Ẹ bi àwọn Fúlàní darandaran, wọ́n á sọ fún yín ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí màlúù tó bá wọ oko dáwà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Nítorí náà, ẹ má jẹ ọkà híhù ní tútù, ẹ má sì fi omi rẹ̀ lásán ṣe ohun mímu láìsè é. Rírà, sísá àti sísè ni àwọn ìyá wa fi ń ṣẹ́gun rẹ̀.

Ibi tí àwọn olùbẹ̀rẹ̀ ti ń kọsẹ̀ ni ìdí iná. Wọ́n á lọ ọkà, wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á da gbogbo rẹ̀ sórí iná kó máa hó kùtùkùtù. Bẹ́ẹ̀, ohun tó ń sọ ọkà di adùn wà nínú ọkà híhù yẹn, iná líle sì máa ń pa á. Àwọn ìyá tó mọ̀ ọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á pò ó, wọ́n á jẹ́ kó tòrò, wọ́n á re omi òkè rẹ̀ sọ́tọ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ni wọ́n á sè títí á fi ki bí ẹ̀kọ. Bó bá wá rọlẹ̀ díẹ̀, tí ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, wọ́n á da omi òkè yẹn padà sí i, wọ́n á bò ó di ọjọ́ kejì. Tí ẹ bá tọ́ ọ wò láàárọ̀, ẹ ó rí i pé ó ti dùn. Ìgbà yẹn ni ẹ ó sẹ́ ẹ, tí ẹ ó tún sè é dáadáa, tí ẹ ó jẹ́ kó tutù pátápátá.

Ìwúkàrà ló kù. Ẹ lè tọrọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí lọ́wọ́ ìyá tó ń pọn ọ́n, bóyá ẹ ó tibẹ̀ kí i, ẹ ó sì dọ̀rẹ́. Bí kò bá sí, yíìsì tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò, ṣíbí tíì kan tó fún bọ́kẹ́ẹ̀tì kan. Ẹ má dé kẹ́ẹ̀gì pinpin, ẹ má sì rọ ọtí tó ṣì ń hó sínú ìgò kí ẹ dé e. Ó máa bẹ́ ni, ìgò tó bẹ́ sì lè fọ́ ojú èèyàn. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bo ẹnu rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, ó ti tó mu, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́, torí kíkan ni yóò máa kan sí i. Gbogbo ohun èlò, omi gbígbóná ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ ṣáájú. Ẹ má da nǹkankan sí i kó lè pani. Ẹni tó bá gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ da oògùn kan sí i kó lè le, ọ̀tá ni.

Kí a sì sọ èyí kún un: ẹ má rò pé ẹ ó fi ṣọ́ owó bíà. Ẹ ṣírò owó gáàsì tàbí igi, owó omi, owó ẹ̀rọ tó lọ̀ ọ́, àti ọjọ́ mẹ́wàá tí ẹ lò. Ẹni tó bá fẹ́ mutí nìkan, kó yà sí ibi tí wọ́n ti ń tà á. Ẹni tó bá fẹ́ mọ nǹkan ni kó gbé ìkòkò.

Ẹ ò rí i báyìí? Ṣé èyí jọ iṣẹ́ ọ̀mùtí? Ọ̀mùtí kò ní sùúrù ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ lọ sí gáréèjì lówùúrọ̀ kí ẹ rí ibi tí àwọn ọmọ wa ti ń kú díẹ̀díẹ̀. Ọtí inú ọ̀rá ni wọ́n ń fà mu kí wọ́n tó gun máṣíìnì, pẹ̀lú paraga tí ẹnì kan ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. NAFDAC gbéra láti fòpin sí ọtí inú ọ̀rá lóṣù kejì ọdún 2024, ẹ sì mọ ariwo tó tẹ̀lé e. Ìgbà wo ni ẹgbẹ́ wa dábàá owó ìtanràn lórí ìyẹn? Ẹni kan kò sọ̀rọ̀. Kí ló dé? Ìdí ni pé àwọn kan láàárín wa ń tà á. Ẹ jẹ́ kó ká wa lára o, òtítọ́ ni. A ń wo ejò ńlá kọjá, a wá ń fi kùmọ̀ lé aláǹgbá.

Nítorí náà, ohun tí àwa ń béèrè kí ìpàdé tó ń bọ̀ ṣe nìyí.

Àkọ́kọ́, kí wọ́n da àbá owó ìtanràn yẹn nù. Kò sí ọmọ tí orúkọ rẹ̀ máa kúrò nínú ìwé nítorí ìkòkò ọkà.

Èkejì, dípò òfin, kí a ní àdéhùn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ mu ún. Kò sí gbígba òógùn ògógóró. Kò sí títà, torí ẹni tó bá fẹ́ tà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ gba àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti ohun mímu. Ẹni tó bá sì mu ún kò gbọdọ̀ wa mọ́tò tàbí gun máṣíìnì.

Ẹ̀kẹta, àwọn ìyá wa tó mọ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, wọn ò ju díẹ̀ lọ mọ́ nílùú yìí. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ní ojúmọmọ, ní èdè Yorùbá. Àwa tí a ń ta ọkà ṣèlérí pé ọkà tó mọ́, tí kò ní oògùn, tí wọ́n máa fi kọ́ṣẹ́ yẹn, ọwọ́ wa ló ti máa jáde, a ò ní gba kọ́bọ̀.

Ẹ̀kẹrin, ilé tó bá ní kò sí ọtí níbí, kí gbogbo wa bọ̀wọ̀ fún un. Kí àwọn ọ̀dọ́ náà má gbé ìkòkò lọ sí ìtòsí mọ́ṣáláṣí tàbí ilé ẹni tí ó ń bí nínú. Ọ̀wọ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo.

Àwọn bàbá wa tó kọ́kọ́ dé ìlú òtútù yìí kò fi owó ìtanràn kó ara wọn jọ. Iṣẹ́ ọwọ́, òótọ́ inú àti ọ̀wọ̀ fún onílẹ̀ ni wọ́n fi rílé gbé. Ọmọ tó ń fẹ́ kọ́ ohun tí ìyá àgbà rẹ̀ mọ̀, tó sì ń kí ìyá Birom tó wà ládùúgbò, ọ̀nà wọn ló ń tọ̀. Ẹ má dínà mọ́ ọn.

Ẹ wá sípàdé o, kí ẹ má jókòó sílé kí ẹ wá máa kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ ibí lẹ́yìn ìbò. Ẹni tó bá lòdì sí wa, kó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá, a ó gbọ́. Ìjà ò sí níbẹ̀, ẹbí ni wá. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọjà tà. Ire o.